Iná prẹ́ṣọ̀ epo ń tàn tí mo bá ń gun òkè, mo ti pààrọ̀ pọ́ǹpù, kò lọ

Onímọ́tò Àtijọ́
Ẹ ǹlẹ́ o ẹ̀yin ará mi, ẹ dákun ẹ gbà mí. Mọ́tò 1998 ni mo ń wà, onínọ́sù ni (nọ́sù ló ń fọ́n epo sínú ẹ́ńjìnì), kì í ṣe oníkabúrétọ̀. Ẹni tó lò ó ṣáájú mi ti so géèjì prẹ́ṣọ̀ epo kékeré kan mọ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, ó ń wọn agbára tí pọ́ǹpù fi ń ti epo pẹtiróòlù, psi ni wọ́n fi ń kà á, géèjì yẹn ní iná pupa kan tó máa ń tàn tí prẹ́ṣọ̀ bá ti já wálẹ̀ kọjá 35 psi. Ó ti tó oṣù méjì tí iná yìí ti ń dààmú mi. Tí mo bá wà lójú kan kò sí wàhálà, tí mo bá ń lọ jẹ́jẹ́ lórí títì tó tẹ́jú kò sí wàhálà, àmọ́ kí n ṣáà ti bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkè tàbí kí n kó èèyàn mẹ́rin kí n wá tẹ tọ́tù dáadáa, iná á tàn wàì, mọ́tò á bẹ̀rẹ̀ sí í húkọ́, á máa fà sẹ́yìn. Mo gbé ẹsẹ̀ kúrò, iná á kú.
Mẹkáníìkì mi ní fílítà ni, a pààrọ̀ ẹ̀. Ó tún ní pọ́ǹpù ni, mo ra tuntun, a sọ táńkì kalẹ̀ a fi sí i. Ọjọ́ kejì ẹ̀ gan-an ni mo gun òkè, iná tún tàn. Ó wá ń sọ báyìí pé ó lè jẹ́ pọ́ǹpù tuntun yẹn ni ò dáa, ká tún ra òmíì. Owó ò sí lọ́wọ́ mi mọ́ jàre. Kí ni kí n ṣe?

Awakọ̀ Alẹ́
Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Tèmi náà ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí, ìdọ̀tí inú táńkì ni. Ẹ ra oògùn tí wọ́n máa ń dà sínú epo yẹn, á fọ gbogbo ẹ̀ mọ́.

Mẹkáníìkì Àgbà
Bọ̀dá mi, oògùn inú ìgò ò lè gbé prẹ́ṣọ̀ sókè o. Ó lè fọ nọ́sù díẹ̀, àmọ́ nọ́sù tó dí kọ́ ló ń sọ prẹ́ṣọ̀ kalẹ̀.
Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ni mọ́tò, ẹ má tíì ra nǹkan kan. Ta ló wọn prẹ́ṣọ̀ yẹn yàtọ̀ sí géèjì orí dáṣíbọ́ọ̀dù? Géèjì tó ti pẹ́ lè máa parọ́. Ẹ lọ ya géèjì tí wọ́n ń so mọ́ réèlì epo (páìpù tó ń pín epo fún àwọn nọ́sù), ojú ibi tí wọ́n ń so ó mọ́ dà bí ibi tí wọ́n ti ń fẹ́ atẹ́gùn sí táyà, ọmọrí kékeré kan ló bò ó. Kẹ́ ẹ tó tú ọmọrí yẹn, ẹ yọ rìlé pọ́ǹpù (swíìṣì kékeré tó ń gbé iná fún un) kúrò, kẹ́ ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnì ṣiṣẹ́ títí á fi kú fúnra ẹ̀. Ẹ jẹ́ kó tutù, ẹ fi àkísà bò ó, kí sìgá tàbí iná kankan má sí nítòsí. Epo tó wà lábẹ́ prẹ́ṣọ̀ máa ń fọ́n síni lójú, tó bá wá lọ bá ẹ́ńjìnì gbígbóná, ẹ ò ní fẹ́ gbọ́ ìyókù.
Lẹ́yìn náà ẹ dá rìlé padà, kẹ́ ẹ kọ nọ́ńbà mẹ́rin wá fún mi. Èyí tó kà tẹ́ ẹ bá kàn ṣí kọ́kọ́rọ́ láì tíì sítáàtì, pọ́ǹpù á kùn fún bí ìṣẹ́jú àáyá méjì á sì dákẹ́. Èyí tó kà tí ẹ́ńjìnì bá ń ṣiṣẹ́ lójú kan. Èyí tó kà tẹ́ ẹ bá yọ hóòsì fákúùmù (èyí tí ẹ́ńjìnì ń gbà fa atẹ́gùn) lára régúlétọ̀, ìyẹn ohun tó ń ṣàkóso prẹ́ṣọ̀ epo, fákúùmù yẹn ló sì ń mú kó dín prẹ́ṣọ̀ kù. Àti èyí tó kà ní ìṣẹ́jú 10 lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti pa á. Hóòsì yẹn tẹ́ ẹ bá yọ, ẹ wo inú ẹ̀ kẹ́ ẹ gbóòórùn ẹ̀, tí epo bá wà níbẹ̀, róbà inú régúlétọ̀ ti ya nìyẹn, ẹ ò ní láti wá ibòmíì lọ.

Ìyá Onímọ́tò
Ẹ má bínú pé mo já lu ọ̀rọ̀ yín, èmi kì í ṣe mẹkáníìkì. Ọmọrí táńkì ló fa tèmi. Ihò tí atẹ́gùn ń gbà wọlé ti dí, bí pọ́ǹpù ṣe ń fa epo jáde atẹ́gùn ò rọ́pò ẹ̀, táńkì wá ń fún mọ́ra bí ike omi tí ọmọdé ń fi ẹnu fa atẹ́gùn inú ẹ̀. Ọjọ́ tí mo ṣí i, ó ké fíìì! Tí táńkì yín ò bá kún, ẹ tú ọmọrí ẹ̀ díẹ̀ kẹ́ ẹ gun òkè yẹn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kò ní ná yín ní nǹkan kan.

Onímọ́tò Àtijọ́
Màmá ẹ ṣé, mo ti ṣe ti ọmọrí, iná ṣì tàn. Nọ́ńbà rèé o. Kọ́kọ́rọ́ nìkan 44. Lójú kan 37. Mo yọ hóòsì, ó gòkè sí 45, kò sí epo nínú hóòsì, kò sì rùn. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 10, 41. Ìwé mọ́tò ní ó yẹ kó wà láàárín 43 sí 47 tí kò bá sí fákúùmù. Mẹkáníìkì mi wá ń rẹ́rìn-ín, ó ní ṣé mo rí i, gbogbo ẹ̀ dáa, géèjì orí dáṣíbọ́ọ̀dù ló ń purọ́, kí n já iná ẹ̀ dànù. Mo ní tí géèjì bá ń purọ́, ta ló ń húkọ́?

Mẹkáníìkì Àgbà
Ìbéèrè gidi lẹ bi í yẹn. 41 lẹ́yìn ìṣẹ́jú 10 fi hàn pé nọ́sù ò jò, régúlétọ̀ di ẹnu mú, fáàfù inú pọ́ǹpù náà dì í mú. Àmọ́ lójú kan, epo tí ẹ́ńjìnì ń lò ò tó nǹkan, èyí tó pọ̀ jù ló ń padà sí táńkì, pọ́ǹpù tó rẹ̀ tẹnutẹnu náà lè gbé 45 níbẹ̀. Òkè lẹ ti máa mọ òótọ́. Ẹ fi wáípà há géèjì yẹn mọ́ ara gíláàsì níwájú, níta o, ẹ má gbé hóòsì epo wọ inú mọ́tò láéláé, kí ẹlòmíì wà á kẹ́yin máa wò ó. Ẹ gbọ́ èyí dáadáa: tẹ́ ẹ bá tẹ tọ́tù, fákúùmù á lọ sílẹ̀, nítorí náà prẹ́ṣọ̀ ó yẹ kó GÒKÈ lọ sí 45 ni, kì í ṣe kó má kàn wálẹ̀. Tó bá wálẹ̀, a jẹ́ pé epo ò tó, ó lè jẹ́ asẹ́ ẹnu pọ́ǹpù nínú táńkì, ó lè jẹ́ páìpù tó tẹ̀ lábẹ́ mọ́tò.
Ẹ má sì jẹ́ kí epo máa kù díẹ̀ ní táńkì lójoojúmọ́ o, epo yẹn náà ló ń mú pọ́ǹpù tutù.

Rewáyà
Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí n dá sí i. Gbogbo yín ń wo epo, ẹnì kankan ò wo iná. Ẹ̀rọ oníná ni pọ́ǹpù yẹn, tí fóòtì (agbára iná) tó ń dé ọ̀dọ̀ ẹ̀ ò bá pé kò lè yí bó ṣe yẹ, kódà kẹ́ ẹ pààrọ̀ ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹwàá. Ẹ gbé síìtì ẹ̀yìn, ẹ wá sọ́kẹ́ẹ̀tì pọ́ǹpù, kí ẹ́ńjìnì máa ṣiṣẹ́, ẹ wá ki ẹsẹ̀ mítà tí wọ́n fi ń wọn iná láti ẹ̀yìn sọ́kẹ́ẹ̀tì. Ẹ MÁ YỌ Ọ́. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣì í ṣe. Tẹ́ ẹ bá yọ sọ́kẹ́ẹ̀tì tẹ́ ẹ wọn ẹnu ẹ̀ lásán, ẹ máa rí 12 tó pé pérépéré, bó tiẹ̀ jẹ́ pé okùn kan ṣoṣo ló kù nínú wáyà yẹn, torí kò sí nǹkan tó ń fa iná níbẹ̀. Ẹ wọn ti bátìrì, ẹ wọn ti pọ́ǹpù, kí ìyàtọ̀ má ju ìdajì fóòtì lọ, tó bá di 1 mo lè gbójú fò ó fún mọ́tò àgbàlagbà. Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ fi ẹsẹ̀ mítà kan sí wáyà dúdú pọ́ǹpù (èyí tó ń dá iná padà sí bọ́dì), èkejì sí orí négátíìfù bátìrì. Ẹ sọ ohun tó kà.

Ọmọ Titun
Ẹ jọ̀ọ́, èmi ò ní géèjì kankan, kóòdù P0087 ni kọ̀ǹpútà gbé jáde fún tèmi, mọ́tò tí kò tíì pẹ́ ni. Ṣé kí n so géèjì bẹ́ẹ̀ náà?

Mẹkáníìkì Àgbà
Rárá o! Kóòdù yẹn ń sọ pé prẹ́ṣọ̀ réèlì kéré jù lóòótọ́, àmọ́ tó bá jẹ́ irú tó ń fọ́n epo tààrà sínú sìlíńdà, prẹ́ṣọ̀ réèlì ẹ̀ lè kọjá 2,000 psi, ó lè gún awọ ara wọlé. Ẹ fi sílẹ̀ fún ẹni tó ní irinṣẹ́ ẹ̀, ẹ má tú nóòtì kankan níbẹ̀.

Onímọ́tò Àtijọ́
Ẹ̀yin èèyàn mi, mo ti rí i!!!
Lórí òkè, géèjì níta gíláàsì wálẹ̀ sí 28, bákan náà ni tinú dáṣíbọ́ọ̀dù, kò parọ́ rárá. Mo wá ṣe ohun tí Rewáyà sọ. Bátìrì 14.1. Pọ́ǹpù 10.8! Láti wáyà dúdú sí négátíìfù bátìrì, 2.7, a jẹ́ pé ibẹ̀ ni èyí tó pọ̀ jù nínú iná ń sọnù sí. Mo tẹ̀lé wáyà dúdú yẹn lọ sábẹ́ kápẹ́ẹ̀tì búùtù, kápẹ́ẹ̀tì tutù rinrin, omi òjò ti ń gba ẹ̀gbẹ́ iná ẹ̀yìn wọlé tí mi ò mọ̀. Bóòtù tí wọ́n fi dè é mọ́ bọ́dì ti dípẹtà, ẹnu wáyà ti funfun bí ẹfun, mo fọwọ́ kàn án, ó gbóná. Mo fi ìka kan ṣoṣo mì í, ó ń mì síhìn-ín sọ́hùn-ún. Bí mo ṣe fà á báyìí, okùn mẹ́ta péré ló ṣì so mọ́ ọn, ìyókù ti di ìyẹ̀fun.
Mo gé e títí mo fi dé ibi tí kọ́pà ti pupa dáadáa, mo fi ẹnu tuntun sí i, mo fi sáńpépà ha bọ́dì títí ó fi ń dán, mo dè é le, mo fi gírísì bò ó. Pọ́ǹpù ń gba 13.4 báyìí. Ìró ẹ̀ gan-an yàtọ̀, tẹ́lẹ̀ ó ń kérora ni, ní báyìí ó ń kùn geere. Mo gun òkè yẹn lẹ́ẹ̀mẹta, mo kó èèyàn mẹ́rin, 45 ni géèjì dúró sí, iná ò tàn.

Rewáyà
Ẹ kú oríire! Ẹ wá ibi tí omi ń gbà wọlé kẹ́ ẹ dí i o, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ìpẹtà yẹn ń padà bọ̀. Ìyókù tó ń sọnù lójú ọ̀nà, ẹ wo ẹsẹ̀ rìlé, ó lè ti jó díẹ̀.

Awakọ̀ Alẹ́
Háà, oògùn mi ò bá má ṣiṣẹ́ lóòótọ́ 😂. Pọ́ǹpù àkọ́kọ́ yẹn ńkọ́, ṣebí kò sí nǹkan tó ṣe é? Ṣé ẹ ti sọ ọ́ nù ni?

Onímọ́tò Àtijọ́
Ó wà níbí, mo wé e sínú láílọ́ọ̀nù. Mẹkáníìkì mi ti bi mí lẹ́ẹ̀mejì bóyá mo lè tà á fún òun.