Àbọ̀ ọ̀rọ̀ fúláàṣì tí ò fẹ́ wọlé: ó ti yanjú

Ẹ̀yin ará, ẹ kú àdúrótì o. Èmi tí mò ń kọ fídíò òde sí fúláàṣì ní Láfẹ́nwá l'Abẹ́òkúta níbí, tí mo bi yín kí ló dé tí kọ̀ǹpútà mi kì í rí gbogbo fúláàṣì tí mo bá kì bọ hub (àpótí kékeré tó ń sọ ojú USB kan di púpọ̀), ìṣòro náà ti lọ. Lóòótọ́ controller USB kan (ẹ̀yà inú kọ̀ǹpútà tó ń darí àwọn ojú USB) lè fún ẹ̀rọ 127 ní àdírẹ́sì, àmọ́ hub náà wà nínú òǹkà yẹn, hub 5 sì lòpin téèyàn lè so tẹ̀lé ara wọn. Ṣùgbọ́n kì í ṣe pé wọ́n pọ̀ jù, iná ni tèmi jàre! Ojú USB 2.0 kan, 500 mA (mA ni wọ́n fi ń wọn iná) ló ń gbé, hub tí ò ní ṣájà tiẹ̀ á wá máa bu 100 mA fún ojú kọ̀ọ̀kan, ni fúláàṣì á bá ṣẹ́jú pẹ́ẹ́, á kú, á tún tàn. Mo ra èyí tó ní ṣájà, gbogbo wọn wọlé wọ̀ọ̀. Kíkọ ẹ̀ ò kúkú yá o, torí ìyára 480 Mbps (mẹ́gábíìtì ní ìṣẹ́jú àáyá kan) kan náà ni gbogbo wọn jọ ń pín, ìyẹn ò gbóògùn àfi kéèyàn lọ sí USB 3.0. Ẹ ṣé gan-an, mo ti pa á dé.