Wọ́n gbaṣẹ́ lọ́wọ́ mi torí pé mo ń kúnlẹ̀ kí àwọn àgbà

Ọmọ Mọ́kọ́lá
Ẹ káàsán o, ẹ̀yin ará mi. Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó kan ní Houston níbí ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Tí mo bá wọ yàrá láàárọ̀, màá kọ́kọ́ kúnlẹ̀ kí màmá tàbí bàbá tó wà níbẹ̀, kí n tó gbé oúnjẹ wọn kalẹ̀. Bí wọ́n ṣe tọ́ mi nìyẹn. Màmá kan tó ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún a máa gbọ́wọ́ lé mi lórí, á sì ṣàdúrà fún mi. Lọ́jọ́ Ẹtì, máníjà tuntun pè mí, ó ní ìkúnlẹ̀ mi ń ni àwọn kan lára, pé wọn kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ní Amẹ́ríkà, kí n dá káàdì iṣẹ́ mi padà. Kò sí ìkìlọ̀, kò sí lẹ́tà. Ó dùn mí wọra. Ṣé òfin gbà wọ́n láyè?

Bọ̀dá Dallas
Àbúrò, pẹ̀lẹ́. At-will là ń ṣe ní Texas: bí kò bá sí àdéhùn tó dè wọ́n, ọ̀gá lè ní kí o máa lọ lónìí láìsọ ìdí kankan, ìwọ náà sì lè fiṣẹ́ sílẹ̀ nígbà tó bá wù ọ́. Ìpínlẹ̀ Montana ló ṣòfin ní 1987 pé ọ̀gá gbọ́dọ̀ ní ìdí gidi. Ní Iowa, oníṣègùn eyín kan lé obìnrin tó ti bá a ṣiṣẹ́ ju ọdún mẹ́wàá lọ, torí pé ẹwà rẹ̀ ń fa ojú òun, ìyàwó oníṣègùn náà sì ní àfi kí obìnrin yẹn lọ. Ilé ẹjọ́ tó ga jù níbẹ̀ dá oníṣègùn náà láre ní 2013. Ọ̀rọ̀ yẹn ṣì ń bí mi nínú.

Ìyá Ìbejì
Bọ̀dá, òótọ́ lẹ sọ, àmọ́ ó kù síbì kan. Òfin ẹ̀tọ́ aráàlú ti 1964 ò gbà kí ibi iṣẹ́ tó ní òṣìṣẹ́ 15 sókè lé èèyàn torí ìran rẹ̀, àwọ̀ rẹ̀, ẹ̀sìn rẹ̀, torí pé ó jẹ́ ọkùnrin tàbí obìnrin, tàbí torí ilẹ̀ tó ti wá. Àṣà ilẹ̀ ẹni sì wà lára ti ìkẹyìn yẹn. Ọmọ mi, ṣé ẹlòmíì wà níbẹ̀ tó ń kí wọn lọ́nà tirẹ̀, tí wọn ò bá a wí?

Ọmọ Mọ́kọ́lá
Ó wà, mà. Òyìnbó kan ń dì mọ́ wọn, ó ń fẹnu kò wọ́n níwájú orí. Ẹnikẹ́ni ò bá a wí. Wọ́n tún ránṣẹ́ lánàá pé kí n wá fọwọ́ síwèé, kí n gba owó ọ̀sẹ̀ méjì.

Ìyá Ìbejì
Má tíì fọwọ́ sí i! Irú ìwé bẹ́ẹ̀ sábà máa ń gba ẹ̀tọ́ ìpẹ̀jọ́ lọ́wọ́ èèyàn. Gba ẹ̀dà rẹ̀, kí lọ́yà tó mọ òfin iṣẹ́ kà á. Owó tí o ti ṣiṣẹ́ fún yàtọ̀ síyẹn. Láàárín ọjọ́ 6 ni òfin Texas ní kí wọ́n san án fún ẹni tí wọ́n lé. Kọ ọ̀rọ̀ máníjà yẹn sílẹ̀ lálẹ́ òní bó ṣe sọ ọ́ gan-an, pẹ̀lú ọjọ́ àti aago. Kọ ti òyìnbó yẹn náà. Mú ẹjọ́ lọ sí EEOC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ẹ̀sùn ìyàsọ́tọ̀ níbi iṣẹ́, kí ọjọ́ 180 tó pé, kí o sì béèrè owó àìríṣẹ́ṣe ní Texas Workforce Commission, àjọ ìpínlẹ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́, lọ́la.