Aṣọ ará Èkó ayé 1890: ibo niṣẹ́ yìí ti ń dojú rú?

Ará Ìta Fájì: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọkùnrin mẹ́rin àti obìnrin mẹ́ta la fẹ́ wọṣọ fún bí ará Èkó àsìkò 1890 sí 1899, fún eré ìtàn kan ní Campos Square. Agbádá sányán fún ọkùnrin, gáùn Àgùdà, ti àwọn tó ti Brazil padà wá, fún obìnrin. Oṣù mẹ́ta péré ló kù. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ iṣẹ́ yìí, ibo ló ti ń dojú rú?

Télọ̀ Yábàá: Nídìí ìṣirò ni. Fọ́nrán òfì kan fẹ̀ tó ìnṣì 4. Ká ní agbádá máa fẹ̀ tó ìnṣì 64 láti ọwọ́ dé ọwọ́, fọ́nrán 17 lẹ máa tò pọ̀, torí ojú ìrán kọ̀ọ̀kan á jẹ tó kọ́tà ìnṣì. Tó bá jẹ́ ìnṣì 50 láti èjìká dé ojúgun, iwájú pẹ̀lú ẹ̀yìn di 100, ẹ fi 4 kún un fún ìṣẹ́tí. 104 lọ́nà 17, yáàdì 49 lé díẹ̀ nìyẹn. Agbádá nìkan o, ẹ ò tíì ka bùbá àti ṣòkòtò.

Ọmọ Múṣín: Yáàdì 49 fún ẹnì kan? Ẹ̀gbọ́n, ó pọ̀ jù.

Ìyá Ẹbúté Mẹ́tta: Kò pọ̀. Èyí tí kò ṣe é ká lé èjìká, dàńṣíkí ni ká máa pè é. Kódà kí wọ́n rà jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí aṣọ á sún kì. Ẹ gé ìnṣì 18, ẹ rẹ ẹ́ sómi títí ilẹ̀ á fi mọ́, ẹ sá a síbi òjìji, kẹ́ ẹ tún wọ̀n ọ́n. Tó bá di 17, yáàdì 49 yín ti di 52 nìyẹn. Ọwọ́ ahunṣọ kan náà ni kẹ́ ẹ ti ra gbogbo rẹ̀, àwọ̀ ahunṣọ méjì kì í bára mu.

Ọmọ Múṣín: Ó yé mi, mà.

Télọ̀ Yábàá: Wàhálà kejì ni ìsàlẹ̀ tí kò dọ́gba. Eyín máṣìnnì ń fa fọ́nrán tó wà nísàlẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ń ti ti òkè sẹ́yìn. Bẹ́ ẹ bá fi máa to fọ́nrán 10 pọ̀, ọ̀kan á ti gùn ju ìkejì lọ. Ẹ fi ọwọ́ dì í ní ìnṣì 6 síra wọn kẹ́ ẹ tó gbé e sórí máṣìnnì. Ojú ìrán àkọ́kọ́ láti òkè wá sísàlẹ̀, èkejì láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Tí àyè bá wà, ẹ kúkú fi abẹ́rẹ́ ọwọ́ rán an, òun ló bá ayé yẹn mu.

Aláṣọ Òkè Ṣúrùlérè: Ẹ má ra sányán tó ń dán yanran bíi góòlù. Ẹ̀yìn ogun Hitler ni òwú yẹn dé. Sányán gidi, ilé kòkòrò inú igbó ni wọ́n ti ń fa òwú rẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ dà bíi tíì tí mílíìkì pọ̀ nínú rẹ̀. Síìpù náà ò sí nínú aṣọ nígbà yẹn.

Bísí: Àdìrẹ Olọ́ba ńkọ́? Mo ní méjì nílé.

Aláṣọ Òkè Ṣúrùlérè: Àǹtí, rárá. Jùbílì Ọba George Karùn-ún àti Ayaba Mary ni wọ́n fi ṣe é lọ́dún 1935.

Kọ́lá: Ṣé kì í ṣe kóòtù ni àwọn ọ̀mọ̀wé Èkó ń wọ̀ lásìkò yẹn?

Ìyá Ẹbúté Mẹ́tta: Àwọn kan ń wọ kóòtù, àwọn mìíràn kọ̀ ọ́. Lọ́dún 1894 ni David Brown Vincent, oníwàásù ìjọ Baptist, pa orúkọ yẹn tì tó di Mojola Agbebi, aṣọ Yorùbá ló sì ń wọ̀. Ẹ pín wọn sí méjì, agbádá méjì, kóòtù méjì.

Kọ́lá: Ẹ fi Ẹ̀yọ̀ méjì kún un. Aṣọ funfun ò wọ́n.

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi Ẹ̀yọ̀ sílẹ̀. Kì í ṣe aṣọ eré. Ẹgbẹ́ Ẹ̀yọ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní àkẹtẹ̀ tirẹ̀: dúdú ti Adímú, pupa ti Lábà, yẹ́lò ti Oníkò. Ìga, ìyẹn ààfin àwọn olóyè Èkó, ló ni wọ́n, a kì í lọ kó o lọ́wọ́ télọ̀.

Kọ́lá: Ìtàn Èkó ṣáà ni. Kí àwọn ọmọ wa rí i.

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó: Wọ́n á rí i lọ́jọ́ tó bá jáde.

Ará Ìta Fájì: A ò ní ṣe Ẹ̀yọ̀. Ẹ bá mi sọ̀rọ̀ gáùn.

Oníṣọ̀nà Àkọkà: Ọdún wo gan-an? Ìyẹn ló ṣe pàtàkì jù. Ní nǹkan bí 1895, apá gáùn wú bí bọ́ọ̀lù lókè, ó há mọ́ ọwọ́ láti ìgúnpá dé ọrùn ọwọ́. Ìdí gáùn tó yọ sẹ́yìn gan-an, ti 1880 lé nìyẹn, ẹ má pò wọ́n pọ̀. Tí apá ò bá dúró, láínìn ni kò ní: ẹ fi nẹ́ẹ̀tì líle sínú ibi tó wú, kẹ́ ẹ tó ṣẹ́ ẹ pọ̀ sí èjìká. Àyà gáùn fẹ́ egungun. Rọ́bà pẹlẹbẹ tí àwọn oníná fi ń di wáyà pọ̀ dára fún un, èyí tó fẹ̀ tó mìlímítà 8. Tín-ínrín á ká lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ẹ gé orí rẹ̀ rodo, ẹ fi iná yọ́ ọ díẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, á gún aṣọ já, á sì gún ara. Ẹ̀gbẹ́ ìdodo ni kó mọ, kó má dé itan, torí ẹni tó wọ̀ ọ́ á jókòó.

Bísí: Ooru Èkó ńkọ́?

Oníṣọ̀nà Àkọkà: Òwú tín-ínrín ni kí láínìn jẹ́, kì í ṣe pọlisítà. Ẹ kọ́kọ́ fi aṣọ funfun olówó pọ́ọ́kú rán àyà náà, kẹ́ ẹ wọ̀ ọ́ fún ẹni náà, kẹ́ ẹ ní kó gbọ́wọ́ sókè, kó mí sínú dáadáa. Ibi tó bá fà ni kẹ́ ẹ tú. Lẹ́yìn ìyẹn lẹ tó lè fi sísọ́ọ̀sì kan aṣọ gidi.

Ará Ìta Fájì: Ó dára. Òfì tí mo fẹ́ rẹ sómi á wọ omi lálẹ́ òní.