Ilé oúnjẹ tí wọ́n ní òkú wà níbẹ̀: ẹ sọ ohun tójú yín rí

ỌmọÌjẹ̀bú_Houston:
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ọ̀rọ̀ yìí ti wà nínú mi láti oṣù kọkànlá. Èmi àti bàbá àwọn ọmọ lọ sí New Orleans ní Amẹ́ríkà, a wá yà jẹun ní Muriel's, nínú ilé àtijọ́ tó wà ní igun Jackson Square, níbi tí kàtídírà St. Louis wà. Bá a ṣe wọlé, mo rí tábìlì kan nídìí àtẹ̀gùn. Wọ́n tẹ́ ẹ dáadáa, búrẹ́dì àti wáìnì wà lórí ẹ̀, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó jókòó tì í. Mo ní kí wọ́n fún wa níbẹ̀. Ọmọ tó ń gbé oúnjẹ rẹ́rìn-ín, ó ní ó lẹ́ni tó ni ín. Ẹni ọ̀hún ti kú láti 1814!

Wọ́n ní Jourdan lorúkọ ẹ̀. Iná ńlá tó jó ìlú yẹn ní 1788 ba ilé náà jẹ́, òun ló rà á tó tún un kọ́. Tẹ́tẹ́ ló wá pa á láyò. Ó fi ilé ta káàdì, wọ́n jẹ ilé mọ́ ọn lọ́wọ́, kó tó kó ẹrù jáde ó ti gbẹ̀mí ara ẹ̀ lókè. Lálaalẹ́ ni wọ́n ń tẹ́ tábìlì dè é.

Ibi tó kan èmi rèé: mo gun òkè lọ wòran, ẹnì kan sì pè mí látẹ̀yìn, "Àbẹ̀kẹ́!" Ìyá ìyá mi nìkan ló ń pè mí bẹ́ẹ̀, ìyá sì ti sùn. Ọkọ mi gan-an ò mọ oríkì yẹn. Ẹ̀yin ńkọ́?

BàbáTáíwò:
Ṣé o dáhùn?

ỌmọÌjẹ̀bú_Houston:
Mo ní "mà" sà. Ẹnu ló yára.

Ìyá_Ìbejì_Òkè:
Yéèè! Kí ni wọ́n kọ́ ẹ nílé? Wọn kì í dáhùn ìpè téèyàn ò bá rójú ẹni tó pè é! Wò ó, yọjú sí inbox mi.

Ẹnjiníà_Ẹ̀gbá:
Kò sí òkú kankan níbẹ̀. Ilé àtijọ́ ni, pákó ń han, èrò ń pariwo nísàlẹ̀, etí rẹ gbọ́ ohun tó fẹ́ gbọ́. Ìtàn yẹn gan-an, ẹnu àwọn tó ń ta oúnjẹ la ti ń gbọ́ ọ. Ọjà ni wọ́n ń pè. Ọkọ tí ò mọ oríkì ìyàwó ẹ̀ ló bà mí lẹ́rù ní tèmi.

Ṣadé_Peckham:
😂😂 Ẹnjiníà ti pa ọkọ obìnrin.

Màmá_Pópó:
Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi. Mo ṣiṣẹ́ ní ilé oúnjẹ kan ní Pópó Àgùdà, Ìsàlẹ̀ Èkó, ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì táwọn tó ti Bùràsíìlì dé kọ́, fèrèsé gbọọrọ, ògiri nípọn bí ìgàn. Ìgbà yẹn mo ṣì tẹ́ẹ́rẹ́, ẹ má wo fọ́tò ìsinsìnyí. Ọ̀gá wa ò fẹ́ ká fi abọ́ ẹlẹ́gbin sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, àmọ́ bó bá ti rẹ̀ wá, a máa ń sá lọ. Tá a bá dé láàárọ̀, abọ́ kan péré á ti mọ́. Ẹyọ kan. Wọ́n á ti dà á dé, gbẹrẹfu. Àwọn yòókù á wà bá a ṣe fi wọ́n sílẹ̀. Ọ̀gá ní onílé ló jẹun. Àwa náà wá ń bu ìrẹsì díẹ̀ sílẹ̀ fún un.

Ṣadé_Peckham:
Ẹ fún mi ní nọ́ńbà iwin tó ń fọ abọ́ o, ẹ jọ̀ọ́.

Ẹnjiníà_Ẹ̀gbá:
Mẹ́gáàdì ni. Ó jẹ àjẹkù, ó fọ abọ́ kí àṣírí má tú. Ẹ tún wá ń bu ìrẹsì fún un!

Màmá_Pópó:
Mẹ́gáàdì lọ ìlú ẹ̀ fún ọdún iléyá, oṣù kan gbáko. Abọ́ ò yéé mọ́. Ẹ̀yin ọmọwé.

Akínkúnmi77:
Àkúdàáyà ni ọkùnrin New Orleans yẹn.

BàbáTáíwò:
Rárá o. Àkúdàáyà kì í gbé ilé ara ẹ̀. Ìlú tí wọn ò ti mọ̀ ọ́n ló ń lọ, á fẹ́yàwó, á bímọ, á tajà, ọjọ́ tí ará ilé ẹ̀ bá fojú kàn án ló ń pòórá. Eléyìí pa ara ẹ̀. Láyé àwọn bàbá wa, wọn ò jẹ́ sin irú òkú bẹ́ẹ̀ sínú ilé, igbó ni wọ́n ń gbé e lọ, wọ́n á sì ṣètùtù. Àwọn òyìnbó ń gbé wáìnì fún tiwọn.

Arábìnrin_Grace:
Ẹ̀jẹ̀ Jésù! Oúnjẹ òkú! Sister Houston, ẹ gbààwẹ̀.

Akínkúnmi77:
Búrẹ́dì àti wáìnì kọ́ lẹ jẹ ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Sunday?

Arábìnrin_Grace:
Ẹ má fi ohun mímọ́ ṣeré.

Ìyá_Ìbejì_Òkè:
Ohun tó ń bí mi nínú rèé. Ìyá mi gbé ẹ̀kọ àti àkàrà síbi ojú oórì bàbá wa, àwọn ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ní abọ̀rìṣà ni. Àwọn kan náà ń wọ bàálù lọ sanwó wo tábìlì òkú òyìnbó, wọ́n tún ń yà á ní fọ́tò!

ỌmọÌjẹ̀bú_Houston:
Mà, fọ́tò kan ṣoṣo ni mo yà o.

Ọmọ_Ọ̀dàn:
Kí lẹ ń wá lọ sí Amẹ́ríkà? Freedom Park wà ní Broad Street, l'Ékòó níbí. Ẹ̀wọ̀n ni tẹ́lẹ̀, láti 1882, Macaulay àti Awólọ́wọ̀ ti jìyà níbẹ̀, wọ́n sì ń yẹgi fún èèyàn. 2010 ni wọ́n ṣí i fún fàájì. A ń jẹ ásun, a ń gbọ́ jùjú, mi ò rí nǹkan kan rí. Ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ mi kan kì í mu bíà níbẹ̀ láìta díẹ̀ sílẹ̀. Mo bi í pé kí ló dé, ó ní òun ò fẹ́ sọ.

Akínkúnmi77:
Ẹ jẹ́ ká pàdé níbẹ̀ ní Friday. Ẹnjiníà ló máa sanwó ásun, ṣebí kò sí òkú.

Ẹnjiníà_Ẹ̀gbá:
Mo gbà. Ẹ jẹ́ ká lọ lọ́sàn-án ṣá.

Ṣadé_Peckham:
Lọ́sàn-án kẹ̀? 😂

Ẹnjiníà_Ẹ̀gbá:
Nítorí sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ ni o.