Níbo ni lámilámi wà ní ọgbà ẹranko Lekki?

Ìyá Ìbejì: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Sátidé tó kọjá, mo mú àwọn ìbejì mi lọ sí ọgbà Lekki. A rin afárá orí igi tó gùn ní mítà 401, a rí àwọn ọ̀bọ lóríṣiríṣi ibi, a rí ọ̀kín. Ṣùgbọ́n lámilámi ni Táíwò fẹ́ rí jù, ẹyọ kan péré la sì rí, pupa bí ata tó pọ́n. Kí ni ká ṣe?

Ọmọ Ọdẹ: Ẹ pẹ̀lẹ́, mà. Aago mélòó lẹ débẹ̀? Lámilámi kì í fẹ́ fò bí oòrùn kò bá tíì mú. Ẹ sọ̀ kalẹ̀ lórí afárá, ẹ lọ dúró jẹ́ẹ́ lẹ́bàá omi, níbi tí koríko ti yọrí. Inú omi ni ọmọ rẹ̀ ti ń dàgbà, tó ń jẹ ìdin ẹ̀fọn. Bó bá fò kúrò lórí ẹ̀ka kan, ẹ má lé e. Ó sábà máa ń padà síbẹ̀.

Tíṣà: Ẹ wo apá rẹ̀ tó bá bà. Tó bá na mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sílẹ̀, lámilámi gan-an nìyẹn. Tó bá pa á pọ̀ sẹ́yìn, tí ara rẹ̀ tín-ín-rín, ìbátan rẹ̀ ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí wọ́n so òwú mọ́ ọn nídìí bí a ti ń ṣe ní kékeré. Ó ń pa á.

Ìyá Ìbejì: Háà! Nǹkan bí aago mẹ́sàn-án ni, òjò sì ṣẹ̀ṣẹ̀ dá. Ẹ ṣeun gan-an. Táíwò ti ń bi mí pé ọjọ́ wo la máa padà.