Ọmọ mi fẹ́ di adarí ọ̀kẹ́sítírà: ibo ló ti máa bẹ̀rẹ̀?

Ìyá Akẹ́kọ̀ọ́: Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ̀yin ará. Ọmọ mi ń kọ́ píánò ní yunifásítì ní Lọ́ńdọ̀nù, ó ku ọdún kan kó parí. Ó ní adarí ọ̀kẹ́sítírà lòun fẹ́ dà, pàápàá ti eré olórin orí ìtàgé. Ẹni tó bá mọ ọ̀nà, ẹ jọ̀ọ́, kí ló yẹ kó ṣe?

Atẹ-Píánò West End: Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, Mọ́mì. Mo ń tẹ píánò ní West End, àdúgbò àwọn ilé ìtàgé ní Lọ́ńdọ̀nù. Ẹ má jẹ́ kó fi píánò sílẹ̀ rárá. Ẹni tó ń tẹ píánò níbi ìfidánrawò ló ń tẹ ohun tí odindi ọ̀kẹ́sítírà máa lù, òun ló tún ń kọ́ àwọn òṣèré lórin. Antonio Pappano, tó darí orin ní Royal Opera House, ilé ọ̀pẹ́rà ní Lọ́ńdọ̀nù, láti 2002 di 2024, kò lọ sílé ẹ̀kọ́ orin gíga kankan. Ó ń tẹ píánò fún àwọn tí bàbá rẹ̀ ń kọ́ lórin, ó wá ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún ìfidánrawò ní New York City Opera.

Lẹ́yìn náà, kó máa ṣe adelé. Ẹ̀ẹ̀mẹjọ lọ́sẹ̀ ni wọ́n ń ṣe eré, kò sí olórin tí kì í nílò ẹni tó máa jókòó dípò òun. Adelé á kọ́kọ́ wá jókòó ti ẹni tó ni àga, á máa tẹ̀ lé ìwé orin. Ọjọ́ tó bá kàn án, kò sí ìfidánrawò o! Lálẹ́ ọjọ́ àkọ́kọ́ mi, a dé ibi tí a máa ń tún lù títí òṣèré á fi sọ̀rọ̀ tán. Ìwé ni mo tẹjú mọ́. Adarí ti fọwọ́ sọ pé ká kọjá, èmi nìkan ṣì ń yí po níbẹ̀. Láti ọjọ́ náà, ojú mi kì í kúrò lára adarí.

Ará Jámánì: Òótọ́ lẹ̀gbọ́n sọ. Ní àwọn ilé ọ̀pẹ́rà níbí, èèyàn lè bẹ̀rẹ̀ ní Korrepetitor (atẹ-píánò ìfidánrawò), kó di Kapellmeister (ọ̀kan lára àwọn adarí ilé náà), kó tó ronú kan Generalmusikdirektor (ọ̀gá àgbà orin níbẹ̀). Kó yáa kọ́ èdè Jámánì. Kó má sì gbójú lé ìdíje àwọn adarí. Lóòótọ́, adarí Gustavo Dudamel gbégbá orókè níbi ìdíje kan ní Bamberg, ní Jámánì, ní 2004, àmọ́ láti 1999 ló ti ń darí ọ̀kẹ́sítírà àwọn ọ̀dọ́ ní Fẹnẹsúẹ́là.

Ìyá Akẹ́kọ̀ọ́: Ẹ ṣé gan-an, àbúrò mi. Ilé ẹ̀kọ́ ìdarí ńkọ́?

Atẹ-Píánò West End: Royal Academy of Music, ilé ẹ̀kọ́ orin gíga ní Lọ́ńdọ̀nù, ní ẹ̀kọ́ fún àwọn adarí eré olórin lọ́tọ̀. Àyè ibẹ̀ kò pọ̀, fídíò ibi tó ti ń darí èèyàn ló sì máa ràn án lọ́wọ́. Kó kó ọ̀rẹ́ márùn-ún tàbí mẹ́fà jọ, kó gbé fóònù síwájú ara rẹ̀, níbi tí ojú àwọn olórin wà. Jorma Panula, olùkọ́ ìdarí tó kọ́ àwọn adarí bíi Esa-Pekka Salonen àti Sakari Oramo ní Helsinki, ní Finland, máa ń lo fídíò káwọn akẹ́kọ̀ọ́ lè rí ọwọ́ ara wọn. Tí ọwọ́ òsì bá kàn ń ṣe ohun tí ọwọ́ ọ̀tún ń ṣe, iṣẹ́ ṣì kù. Nínú eré olórin, ọwọ́ méjèèjì lè wà lórí píánò, kó jẹ́ orí ló máa fi darí!

Mọ́mì, màá bi adarí wa bóyá ọmọ yín lè wá jókòó tì mí lálẹ́ ọjọ́ kan. Kó wọ aṣọ dúdú, kó mú pẹ́ńsù dání.