Ọwọ́ ọmọ mi kì í sinmi: ṣé kí n dè é?

Ìyá Àbíkẹ́, Kétu: Ẹ kú ilé o. Ọmọ mi obìnrin ti pé ọdún 3. Ó ti pe "màmá" rí, ó ti fọwọ́ ara rẹ̀ mú àkàrà jẹ rí. Nígbà tó pé oṣù 16 ni gbogbo rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lọ. Ní báyìí ó kàn ń fi ọwọ́ méjèèjì ra ara wọn níwájú àyà bí ẹni ń fọṣọ, àfi tó bá tì í bọ ẹnu. Itọ́ ti jẹ́ kí awọ àtàǹpàkò rẹ̀ máa bó. Dókítà kan ní Kútọnu ní àìsàn Rett ni. Ìyá ọkọ mi ní kí n fi ọ̀já dè é lọ́wọ́. Mo dè é lánàá, ó sunkún títí ó fi ń gbọ̀n.

Màmá Ṣábẹ̀ẹ́: Ẹ tú u, ẹ jọ̀ọ́! Tèmi ti pé ọdún 11. Kì í ṣe ìwà, kò lè dá a dúró. Tó bá sùn ńkọ́, ṣebí ọwọ́ náà á dákẹ́? Bí mo bá fẹ́ fún un lóúnjẹ, ọwọ́ òsì nìkan ni mo máa ń dì mú wẹ́rẹ́. Lálẹ́, mo nù ún gbẹ, mo fi òrí pa á.

Bàbá Ọlọ́jà: Ẹ má bínú o, ẹ wádìí ẹ̀yìn ilé náà. Ọmọ tó ti ń sọ̀rọ̀ kì í ṣàdédé yadi.

Nọ́ọ̀sì Àjàṣẹ́: Bàbá, bí àìsàn yìí ṣe ń ṣe gan-an nìyẹn. Ara ọmọ á dá ṣáṣá fún oṣù 6 sí 18, kó tó yí padà. Dókítà Andreas Rett ní Vienna ló rí ọmọbìnrin méjì, kálukú lórí ẹsẹ̀ ìyá tirẹ̀, tí wọ́n ń ra ọwọ́ bákan náà. Ó kọ ọ́ jáde ní 1966. Ní 1999 ni wọ́n rí jíìnì (èròjà àbùdá inú ara) tó bà jẹ́, tí wọ́n ń pè ní MECP2. Ọ̀pọ̀ jù lọ kò jogún rẹ̀ lọ́wọ́ ìyá tàbí bàbá. Ìyá Àbíkẹ́, bí ojú rẹ̀ bá là sílẹ̀ tí kò dáhùn, tàbí tó dá mímí dúró, ẹ fi fọ́ọ̀nù ká a fún dókítà: wárápá wọ́pọ̀ nínú rẹ̀.

Màmá Ṣábẹ̀ẹ́: Ojú rẹ̀ ni kí ẹ máa wò. Mo máa ń gbé omi sí ọ̀tún, ògì sí òsì. Èyí tó bá tẹjú mọ́ ni mò ń fún un. Ó máa ń pẹ́ kó tó wò o, ẹ má kánjú.

Ìyá Àbíkẹ́: Mo ti tú u. Mo di ọwọ́ òsì mú láàárọ̀ yìí, ó gbé ṣíbí ògì 9 mì. Ìyá ọkọ mi ń wò mí, kò sọ nǹkan kan. Màmá, kíné wo (ẹni tó ń fi ìdárayá tọ́jú ara) lẹ ń lò ní Ṣábẹ̀ẹ́?

Màmá Ṣábẹ̀ẹ́: Ẹ wo inú méséèjì yín.